Níbi Iṣẹ́ Ni Ká ti Dán Fáàfù Wò

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn onígìtá, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ orin, àtàwọn ọmọ iṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, mo júbà. Ẹ̀yin onígìtá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ẹ̀rọ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣọ́ọ̀bù nítorí ọ̀rọ̀ òní, ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ bá a ṣe ń tọ́jú fáàfù alágbára inú ańpílífáyà, ìyẹn ìgò tó ń gbóná, tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá kó tó dé sípíkà, àti bá a ṣe ń dán an wò ká tó sọ pé ó ti kú. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú fáàfù tí à ń jù nù kò ṣẹ̀. Ohun tí kàpásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, ṣe la fi ń dá wọn lẹ́bi, tàbí ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí à ń ki fáàfù bọ̀ ṣe, tàbí ohun tí iná NEPA ṣe. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti bàjẹ́ nínú, tí ẹ̀rọ ìdánwò orí káńtà á máa yìn wọ́n pé ara wọn dá ṣáṣá. A ó dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì fi tíráńsífọ́mà inú ẹ̀rọ wa ṣòfò. Ohun tí mo wá sọ kò ju pé ẹnu iṣẹ́ fáàfù gan-an ni ibi tó dára jù láti dán an wò: pẹ̀lú fóltì tó ń lò níbẹ̀, pẹ̀lú ooru tó ń bá a fínra níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Àwọn fáàfù kékeré bíi 12AX7 kò sí nínú ọ̀rọ̀ òní. Iná tó ń gba inú wọn kò tó nǹkan, wọ́n sì lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó yọnu. Àwọn tó ń ti sípíkà ni mò ń bá wí: EL34, EL84, 6L6GC, 6550, KT88. Ìdílé 6L6 ti wà láti 1936, ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde. KT88 jáde ní ìlú London ní 1956. EL34 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí òun ló wà nínú púpọ̀ nínú ańpílífáyà gìtá Marshall oní-fáàfù tòkunbọ̀ tó ń dé ọwọ́ wa, òun náà ló sì wà nínú ańpílífáyà Dynaco Stereo 70 tí David Hafler àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé jáde ní Philadelphia ní 1959. Ẹni tó bá mọ EL34 tọ́jú, àwọn yòókù kò ní í ṣòro fún un. Ẹ̀ka iye ni kó lọ wò nínú ìwé wọn.

Nínú EL34, hítà kan wà tó ń jẹ 6.3 fóltì àti ámpù 1.5. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú káàtódù, irin tó bò ó, gbóná títí yóò fi pọ́n. Wọ́n ti fi èròjà oxide barium àti strontium kun ara káàtódù yìí. Bó bá ti gbóná tó, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ègé iná kéékèèké, á máa jáde lára rẹ̀, wọ́n á sì sáré lọ bá pílẹ́ẹ̀tì, irin tó wà ní ìta, tó ní fóltì 400 sí 450. Gírídì ló dúró láàárín ọ̀nà bí oníbodè. Fóltì òdì tí a fi sórí gírídì, èyí tí à ń pè ní báyáàsì, ló ń pinnu iye tó lè kọjá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan okùn gìtá. Bí báyáàsì bá jẹ́ òdì 38 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, bíi mílíámpù 40 ni yóò máa kọjá (mílíámpù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ámpù). Bí báyáàsì bá sọnù, kò sí ẹni tó ń dá wọn dúró mọ́. Gbogbo ohun tí káàtódù bá tú sílẹ̀ á ya lu pílẹ́ẹ̀tì, pílẹ́ẹ̀tì á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé EL34 sọ pé 25 wáàtì ni pílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè fara dà. Ti 6L6GC jẹ́ 30, ti EL84 jẹ́ 12 péré.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni fáàfù ń gbà darúgbó. Oxide ara káàtódù ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, ohùn á máa rẹlẹ̀, ìsàlẹ̀ orin á rọ̀. Ìyẹn ikú pẹ̀lẹ́, ẹ̀rọ kì í bá a lọ. Barium tó ń fò kúrò lára káàtódù lè lọ lẹ̀ mọ́ gírídì. Bí gírídì bá gbóná, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, báyáàsì á sì máa yẹ̀ níbi tí a kò ti fọwọ́ kàn án. Èyí burú gan-an, n ó padà sórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lè rọra wọlé níbi tí irin píìnì ti gba inú ìgò kọjá. Ohun tó ya hítà sọ́tọ̀ kúrò lára káàtódù lè ṣá, kí ariwo iná bẹ̀rẹ̀ sí í hó lábẹ́ orin.

Ojú ni mítà àkọ́kọ́. Ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ wo fáàfù nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn tó ń yọ lókè àti nísàlẹ̀, ti hítà ni. Àwọ̀ búlúù tó ń rìn lára ìgò, tó máa ń jó tẹ̀ lé orin, òun ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù, òun gan-an ni kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ṣìnà ló ń gbá ìgò lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àwọ̀ àlùkò tó kóra jọ sáàárín, láàárín káàtódù àti pílẹ́ẹ̀tì, gáàsì ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún wo ibi dúdú tó ń dán nínú ìgò. Barium ni, getter ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gbé ìwọ̀nba gáàsì tó bá yọjú mì. Bó bá funfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ má tiẹ̀ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó ń lé èèyàn sáré ni kí pílẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ pọ́n. Dúdú tàbí àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Bí ẹ bá rí ojú pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kí orin ìyìn parí ná. Mo ti rí ibi tí àwọn ìjọ ti ń fi fọ́ọ̀nù ya fáàfù tó pọ́n ní fọ́tò nítorí pé ó wù wọ́n lójú. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn tí òórùn tíráńsífọ́mà gba gbogbo pẹpẹ.

Ká wá lọ sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Láyé 1950 sí 1960 ní Amẹ́ríkà, ilé ìtajà oògùn pàápàá ní ẹ̀rọ ìdánwò fáàfù lẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà á tú fáàfù tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá láti ilé, á fi wọ́n sínú ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ á lọ sí pupa tàbí sí àwọ̀ ewé, á sì ra òmíràn níbẹ̀ kó tó kúrò. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń dánwò ló tún ń tajà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń so gírídì, síkíríìnì (ìyẹn gírídì kejì, tó wà láàárín gírídì àti pílẹ́ẹ̀tì) àti pílẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ra, á fi fóltì díẹ̀ sí wọn, á wá wò bóyá káàtódù ṣì ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde. Gírídì tó jẹ́ olórí iṣẹ́ kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìdánwò náà. Ó lè sọ pé fáàfù ti gbẹ tán. Kò lè sọ pé fáàfù dára.

Àwọn tó sàn jù ìyẹn lọ wà. Hickok, àti TV-7 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà lò, máa ń wọn agbára ìdarí gírídì: bí a bá fi fóltì kan mi gírídì, mílíámpù mélòó ni yóò yí padà ní pílẹ́ẹ̀tì? Fún EL34, ìwé sọ pé bíi 11 ni, nígbà tí mílíámpù 100 ń kọjá ní fóltì 250. AVO ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dára jù lọ lójú mi nínú àwọn àtijọ́, torí pé ó jẹ́ kí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ yan fóltì pílẹ́ẹ̀tì, ti síkíríìnì àti ti gírídì, kó sì ka mílíámpù tó jáde. Lóde òní, uTracer wà, èyí tí Ronald Dekker ní Netherlands ṣe, tí ẹni tó bá mọ áyọ́ọ̀nù tí à ń fi jó wáyà pọ̀ lò lè tò fúnra rẹ̀. Ó ń ya àwòrán ìwà fáàfù sórí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan: ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan ló ń fi fóltì ńlá lu fáàfù tó fi ń wọ̀n ọ́n, kí ooru má bàa mú un. Ìwọ̀n rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n àrùn tó jẹ́ pé ooru ló ń jí i dìde á sùn sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò ìdánwò náà. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ta ló lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wọ inú ańpílífáyà. Ṣùgbọ́n n kò ní í sọ̀rọ̀ mítà láìsọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Fóltì tó ju 400 lọ ló wà níbẹ̀, iná dáírẹ́ẹ̀tì (DC) ni, kì í tètè jẹ́ kọ́wọ́ kúrò. Bí ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, iná ṣì wà nínú àwọn kàpásítọ̀ ńlá, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di ọ̀la bí kò bá sí rẹ̀sísítọ̀, ohun tó ń dín iná kù, tó ń tú u dànù. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ alágbára kan, bíi kíló-ọ́ọ̀mù 10 tó lè gba wáàtì márùn-ún, tí ẹ ti fi rọ́bà bò lára, kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ sí ara irin ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì fi mítà jẹ́rìí pé ó ti bọ́ sí odo. Ẹ má fi sukurúdiráfà já a, nítorí iná tó ń bú bí ìbọn náà ń ba kàpásítọ̀ jẹ́. Nígbà tí iná bá wà, ọwọ́ kan ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kejì wà nínú àpò. Ohun kejì: ẹ má tan ańpílífáyà oní-fáàfù láìso sípíkà mọ́ ọn. Agbára tí kò rí ibi lọ á padà sínú tíráńsífọ́mà, fóltì á fò sókè, iná á sì já láàárín wáyà tàbí lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lára EL34, píìnì 3 tó jẹ́ ti pílẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ píìnì 2 tó jẹ́ ti hítà. Bí ẹ bá rí ibi tó dúdú bí èédú láàárín àwọn méjèèjì, ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí ojú ọ̀nà tí iná ti gbà rí ni yóò tún gbà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wọn fáàfù lẹ́nu iṣẹ́ ni kí a fi rẹ̀sísítọ̀ ọ́ọ̀mù 1 sáàárín káàtódù àti ilẹ̀ ẹ̀rọ (ara irin rẹ̀), ọ̀kan fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Mílífóltì kan tí mítà bá kà níbẹ̀ jẹ́ mílíámpù kan. Ká ní ó ka 43. Èyí kì í ṣe ti pílẹ́ẹ̀tì nìkan. Síkíríìnì náà gba tirẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá yọ bíi 5 fún síkíríìnì, ó ku 38. Ká ní fóltì pílẹ́ẹ̀tì sí káàtódù jẹ́ 430. Ámpù 0.038 lọ́nà 430 jẹ́ wáàtì 16.3. Nínú ańpílífáyà tí fáàfù méjì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn (push-pull), tí báyáàsì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí à ń yí lọ́wọ́, àwọn oníṣẹ́ kì í fẹ́ kọjá ìdá 70 nínú 100 nígbà tí orin kò sí. Ìdá 70 nínú 25 wáàtì jẹ́ 17.5, nítorí náà a wà níbi tó dára. Ẹni tó bá fẹ́ kí fáàfù pẹ́ lè dúró sí 15 tàbí 14. Etí ni yóò bá a ṣèdájọ́. Àwọn kan á ní àfi kó wà ní 70 gẹ́lẹ́ kí ohùn tó dùn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹ̀rọ tó wà ní 60 tí kò sí ẹni tó mọ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Dynaco Stereo 70 ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nípa bí mítà ṣe lè tànni jẹ. Nínú ẹ̀rọ yẹn, EL34 méjì ló wà fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì jọ ń lo rẹ̀sísítọ̀ kan ṣoṣo, ọ́ọ̀mù 15.6, lábẹ́ káàtódù wọn. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá sọ pé kí a yí báyáàsì títí mítà yóò fi ka 1.56 fóltì. Ọgbọ́n tó wà nínú nọ́ńbà yẹn dára: 1.56 pín sí 15.6 jẹ́ ámpù 0.1, ìyẹn mílíámpù 100, kí fáàfù méjèèjì pín in ní 50, 50. Àmọ́ ta ló sọ pé wọ́n pín in dọ́gba? Ọ̀kan lè máa mú 70, kí èkejì máa mú 30, mítà á sì ka 1.56 láìyẹ̀. Èyí tó ń mú 70 ń jó ara rẹ̀ níná. Tíráńsífọ́mà tó ń gbé orin lọ sí sípíkà náà kò ní í gbádùn, nítorí iná dáírẹ́ẹ̀tì fáàfù méjèèjì ló yẹ kí wọ́n pa ara wọn rẹ́ nínú irin rẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìsàlẹ̀ orin á rọ̀, ariwo iná á gbérí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oní-Dynaco fi ń ya káàtódù wọn sọ́tọ̀, tí wọ́n ń fún fáàfù kọ̀ọ̀kan ní rẹ̀sísítọ̀ tirẹ̀ àti ibi tí à ń yí báyáàsì tirẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ da ẹ̀rọ àtijọ́ láàmú, kó ra méjì tó bára dọ́gba, kó sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibòmíràn kó tó fi wọ́n síbẹ̀. 50 náà pọ̀ jù lójú mi. Iná 117 fóltì ni wọ́n ṣe é fún. Ògiri Amẹ́ríkà ń fúnni ní 120 sókè báyìí, fóltì pílẹ́ẹ̀tì ti tẹ̀ lé e. Mo mọ àwọn tó fà á wá sí 1.25 fóltì, ìyẹn 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì wà lẹ́yìn wọn.

Ká ní ẹ ti wọ̀n, ọ̀kan ń mú 40, èkejì ń mú 65. Ta ló jẹ̀bi? Ibí ni fáàfù ti ń kú ikú aláìṣẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ pààrọ̀ àyè àwọn méjèèjì. Bí 65 bá tẹ̀ lé fáàfù lọ sí àyè kejì, ti fáàfù ni. Bó bá dúró sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, fáàfù ti bọ́ nínú ẹjọ́, ẹ wá ẹlòmíràn mú.

Ẹlòmíràn yẹn, nígbà tó pọ̀ jù, kàpásítọ̀ tó ń gbé orin wá sórí gírídì ni. Ìhà kan rẹ̀ ní fóltì tó lé ní 200, ìhà kejì ní báyáàsì òdì. Bó bá ń jò, fóltì tí kì í ṣe òdì á máa yọ́ wọlé, á máa jẹ báyáàsì. Ẹ yọ fáàfù alágbára méjèèjì, ẹ fi àwọn kékeré sílẹ̀ sáyè wọn, ẹ tan iná, kẹ́ ẹ dúró kí wọ́n gbóná. Fóltì inú ẹ̀rọ á gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ ti wo iye tí kàpásítọ̀ ńlá lè gbà ṣáájú. Ẹ wá wọn píìnì 5 sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ka òdì 40, tí èkejì ka òdì 31, ẹ ti mú olè. Kàpásítọ̀ tí kò wọ́n ló fẹ́ jẹ́ kí ẹ ra EL34 méjì tuntun, àwọn tuntun náà á sì pọ́n lọ́jọ́ kejì.

Ká ní méjèèjì ka òdì 40 láìyẹ̀. Ẹ dá fáàfù padà, kẹ́ ẹ fi mítà sórí píìnì 5 kan náà, kẹ́ ẹ sì máa wo ó fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí òdì 40 bá ń yọ́ bọ̀ sí 39, sí 38, bí fáàfù ṣe ń gbóná sí i, gírídì rẹ̀ ló ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tàbí gáàsì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: rẹ̀sísítọ̀ gírídì Marshall sábà máa ń jẹ́ kíló-ọ́ọ̀mù 220. Máíkírò-ámpù 10 péré tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á jẹ 2.2 fóltì nínú báyáàsì. Èyí lè fi ju mílíámpù 10 lọ kún iná pílẹ́ẹ̀tì. Iná yẹn á mú ooru wá, ooru á tún mú gírídì tú sí i, títí pílẹ́ẹ̀tì á fi pọ́n. Fáàfù bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ orí káńtà á sọ pé ó lágbára ju ti tuntun lọ, torí pé káàtódù rẹ̀ ṣì kún. Òun ni kẹ́ ẹ fọ́ ìgò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un tà.

Ìtọ́jú kò ní wàhálà tó báyìí. Ẹ má gbé ańpílífáyà sínú ọkọ̀ nígbà tí fáàfù ṣì ń gbóná. Irin inú rẹ̀ rọ̀ nígbà náà. Ẹ fi ẹ̀yìn pẹ́ńsù gbá a pẹ́pẹ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí sípíkà bá ń dún gbàgà tàbí kó máa ké, nǹkan ti tú nínú. Ẹ fọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fún ihò rẹ̀ tó bá ti tú. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi aṣọ pẹpẹ bò ó, mo bẹ̀ yín. Bí fíúùsì bá já, iye kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Okùn wáyà tí àwọn kan ń wé mọ́ ọn kì í já. Tíráńsífọ́mà ló ń já dípò rẹ̀.

Àmọ́ iná tiwa yìí gba kí èèyàn dúró díẹ̀. Hítà fẹ́ 6.3 fóltì, wọ́n sì fàyè gba ìdá 10 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀, ìyẹn bíi 5.7 sí 6.9. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 230, bí ògiri bá fún un ní 253 lóru, hítà á bọ́ sí 6.93, pílẹ́ẹ̀tì tó wà ní 430 á di 473. Báyáàsì náà á gòkè díẹ̀, á bá wa dín in kù, ṣùgbọ́n kò tó. Bí a bá yí báyáàsì lọ́sàn-án nígbà tí iná wà ní 190, iṣẹ́ asán la ṣe. Ẹ kọ iye iná ògiri sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye báyáàsì ní gbogbo ìgbà. Sítábíláísà tó dára yẹ kó ṣáájú fáàfù tuntun nínú ohun tí a ó rà. Ínfátà tí kì í ṣe pure sine wave ń fún hítà ní oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dín fóltì pílẹ́ẹ̀tì kù, ó sì ń mú kí tíráńsífọ́mà máa kùn. Ẹ má yí báyáàsì lórí irú iná bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì gba ẹ̀rọ láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi tíráńsífọ́mà ń sọ 230 di 120, ẹ rántí pé 60 Hz ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún. Lórí 50 Hz tiwa, irin tíráńsífọ́mà á máa gbóná sí i. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fún un ní 110 dípò 120, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi mítà rí i pé hítà kò lọ sísàlẹ̀ 5.7.

Ní ti ọjà, orúkọ ara páálí kò sọ ibi tí fáàfù ti wá. Mullard tòótọ́ ti Blackburn, ní Lancashire, jẹ́ ohun àtijọ́ tí owó rẹ̀ ń bani lẹ́rù, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀. Mullard tuntun tó wà lórí àtẹ, Saratov ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé iṣẹ́ kan náà tó ń ṣe Sovtek àti Electro-Harmonix. JJ ń wá láti Čadca ní Slovakia, Psvane láti Ṣáínà. Ní 2022, nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀, fáàfù Rọ́ṣíà dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, owó gbogbo wọn sì gbéra. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé méjì bára mu, ẹ bi wọ́n pé ní fóltì mélòó? Àwọn tó ń ṣe é dáadáa máa ń kọ mílíámpù sára páálí. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, owó ìbejì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, ó ku kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, n ó fi méjì síbí. Àbúrò kan ní, “Ẹ̀gbọ́n, wákàtí mélòó ni EL34 ń lò?” Mo ní kò sí ẹni tó lè búra. Onígìtá tó ń tì í kíkankíkan lè rí 1,000 sí 2,000. Ẹni tó ń gbọ́ orin jẹ́jẹ́ nílé lè kọjá 5,000. Kó máa wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè; nígbà tí báyáàsì kò bá dúró síbi tó fi í sí mọ́, tàbí tó ní láti máa yí i lemọ́lemọ́ kí mílíámpù tó pé, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ.

Ìyá kan tó ń bójú tó ẹgbẹ́ akọrin béèrè pé bí ọ̀kan bá kú nínú mẹ́rin lálẹ́ Sátidé ńkọ́, tí ìsìn wà láàárọ̀. Mo ní: Mà, nínú Marshall 100 wáàtì, fáàfù méjì àkọ́kọ́ wà ní apá kan, méjì yòókù ní apá kejì. Bí èyí tó kú bá wà ní etí, ẹ yọ ti etí kejì náà. Bó bá jẹ́ ti inú, ẹ yọ inú méjèèjì. Kí ọ̀kan ṣáà kù ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí sípíkà bá jẹ́ ọ́ọ̀mù 8, ẹ yí síwíìṣì ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí 4, nítorí fáàfù méjì fẹ́ ìlọ́po méjì ọ́ọ̀mù tí mẹ́rin fẹ́. Bíi 50 wáàtì ló kù, ó sì pọ̀ tó fún ìsìn. Fóltì pílẹ́ẹ̀tì á gòkè díẹ̀, nítorí náà kí ọmọ yín tó mọ mítà lò wọn báyáàsì lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin.